Iná "Check Engine" Tàn: Ohun Tí Kóòdù Ń Sọ, Àti Ohun Tí Kò Sọ

Ẹni tó bá ń wọ takisí déédéé láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì tàbí Àkúrẹ́ á ti rí iná kékeré kan tó ní àwọ̀ ọsàn, tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì, níwájú awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, iná yẹn ti ń tàn látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò sì sẹ́ni tó tún ń wò ó mọ́. Ọjọ́ tí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí omi, tàbí tí kò lè gun òkè mọ́, la máa ń rántí rẹ̀. A ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á ki scanner bọ̀ ọ́, kóòdù kan á jáde, wọ́n á ní: "Sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn wá." Ẹ rà á, wọ́n so ó, wọ́n pa iná náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná tún tàn. Owó ti lọ, àìsàn ò kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní kékeré. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún lítà epo kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ká ní mọ́tò kan ń fi lítà kan ṣòfò nínú mẹ́wàá. Bó bá ra 40 lítà ní 1,000 náírà, 4,000 náírà ti bá èéfín lọ nìyẹn. Awakọ̀ tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ títí dé Emùré lójoojúmọ́ ò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀sùn ni kóòdù jẹ́. Kì í ṣe orúkọ pátì tó bàjẹ́. Àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ká gbọ́ tẹnu wọn ká tó dájọ́, ká tó náwó.

Ta ló ní kí mọ́tò máa sọ̀rọ̀?

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Orí 504 àti Beetle, ìyẹn mọ́tò ìjàpá, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́. Àwọn mọ́tò yẹn ò ní kọ̀ǹpútà. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, contact set ló ń bá wọn ṣètò iná púlọ́ọ̀gì. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á fetí sí ẹ́ńjìnnì, á gbóòórùn èéfín, á wo àwọ̀ púlọ́ọ̀gì, á fi screwdriver yí nǹkan díẹ̀, ó bùṣe.

Èéfín mọ́tò tó ń bo ìlú Los Angeles mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó yí nǹkan padà. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé láti orí mọ́tò ọdún 1991, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kó sì tan iná bí nǹkan bá yí padà. Nígbà tó di 1996, gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ lo ètò kan náà tí wọ́n ń pè ní OBD-II: ihò ìsopọ̀ kan náà tó ní ojú 16, àti èdè kóòdù kan náà. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún mọ́tò tó ń lo bẹntiróò. Nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ wa ti ń wá, irú ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn Corolla 2003 ní California náà ló wà lábẹ́ ti Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n fi ṣe é: èéfín ni wọ́n ń ṣọ́. Ìdí nìyí tí mọ́tò kan fi lè máa sáré dáadáa kí iná tàn, tí òmíràn á sì ní bíréèkì tó ti jẹ tán tàbí bẹ́líìtì tó fẹ́ já, tí iná ò ní tàn rárá.

Àwọn Toyota kan tó ti wà ṣáájú 1996 náà ní ọ̀nà tiwọn. Àpótí kékeré kan wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí lára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi wáyà kékeré so ihò TE1 pọ̀ mọ́ E1, á yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì mọ́tò, iná check engine á sì máa ṣẹ́jú. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, 21 nìyẹn: ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. 22 jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi, 41 jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́ròtù. Bó bá ń ṣẹ́jú léraléra láì sinmi, kò sí kóòdù. Ẹni tí kò bá dá ihò náà mọ̀ dáadáa, kó má fi wáyà dán an wò.

Bí a ṣe ń ka P0171

Ẹ jẹ́ ká fi kóòdù kan tó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: P0171. Lẹ́tà P ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí gíà ni. Bó bá jẹ́ B, ara mọ́tò ni, bí airbag. C jẹ́ ti bíréèkì àti ìsàlẹ̀ mọ́tò. U jẹ́ ti bí àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òdo tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kóòdù àjùmọ̀lò ni. Bó bá jẹ́ 1, kóòdù ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ni, ohun tó túmọ̀ sí nínú Toyota lè yàtọ̀ sí ti Honda. Nọ́ńbà kejì ń sọ ẹ̀ka: 1 àti 2 jẹ́ ti epo àti afẹ́fẹ́, 3 jẹ́ ti iná púlọ́ọ̀gì, 4 jẹ́ ti ohun tó ń dín èéfín kù, 7 jẹ́ ti gíà. 71 tó gbẹ̀yìn wá ń sọ ẹ̀sùn náà gan-an: epo kéré sí afẹ́fẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ló kéde pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ni wọ́n bá ní òun ló bàjẹ́. Ẹni tó gbé ìròyìn wá ni a fẹ́ pa! Nínú P0171, ọ̀pọ̀ ìgbà ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ òótọ́.

Ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà mọ̀ pé omi àti gàrí ní ìwọ̀n. Bí omi bá pọ̀, ẹ ó bu gàrí kún un. Nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi afẹ́fẹ́ ṣe omi, ẹ fi epo ṣe gàrí. Ìwọ̀n tó bá bẹntiróò mu ni nǹkan bí gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí gíráàmù epo kan. Bí sẹ́ńsọ̀ bá rí ọ́síjìn tó ṣẹ́kù jù nínú èéfín, kọ̀ǹpútà á bu epo kún un. Iye tó ń bù kún tàbí tó ń bù kúrò ni wọ́n ń pè ní fuel trim. Orí scanner, ẹ ó rí méjì: Short Term, ìyẹn ohun tó ń ṣe lójú ẹsẹ̀, àti Long Term, ìyẹn ohun tó ti mọ́ ọn lára. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá wà láàárín −10% àti +10%, kò burú. Bó bá ti ń lọ sí +20% tàbí +25%, kọ̀ǹpútà ti ń bu gàrí títí ó ti sú u. Ìgbà yẹn ló máa tan iná, tó máa kọ P0171 sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó wò ó, nítorí bó bá tutù, kọ̀ǹpútà ò tíì máa tẹ̀ lé ohun tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ń sọ. Ẹ ka fuel trim níbi tí mọ́tò dúró sí láì tẹ tọ́ròtù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 RPM, ẹ mú un dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ tún kà á.

Bó bá jẹ́ +22% nígbà tó dúró, tó wá já wálẹ̀ sí +4% nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ihò kan wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà yọ́ wọlé: rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ti sán, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, páìpù kékeré tó yọ. Ihò kékeré á hàn púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀. Bó bá ń mí gidi, ihò náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Rọ́bà ni ẹ máa rà, bóyá kìlípì lásán.

Bó bá jẹ́ +4% nígbà tó dúró, tó wá ń gòkè sí +22% nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí tẹ́ ẹ ń gun òkè, ẹ wo ibòmíràn. Ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ti rẹ̀, tàbí pé fílítà epo ti dí. Ó sì lè jẹ́ MAF, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Bí eruku ọyẹ́ àti ti ojú ọ̀nà bá bò ó nítorí fílítà afẹ́fẹ́ tó ti ya, á máa ka afẹ́fẹ́ dín. Ọṣẹ ìfín tí wọ́n ṣe fún MAF ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi àkísà nù ún, ẹ má sì fi epo fọ̀ ọ́.

Kóòdù kan náà, ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ pátápátá, àti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó ń tan àwọn tó ń wo Toyota jẹ. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti àtijọ́ máa ń lọ sókè sódò láàárín nǹkan bí fóòtì 0.1 àti 0.9. Ṣùgbọ́n àwọn Toyota kan ń lo irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní A/F sensor. Lórí scanner lásán, ó máa ń dúró sójú kan ní nǹkan bí fóòtì 0.66. Ẹni tí kò mọ̀ á ní "kò mira, ó ti kú." Kò kú o, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìgbóná omi, àti thermostat tí wọ́n yọ sọnù

"Ilẹ̀ wa gbóná, kí la fẹ́ fi thermostat ṣe?" Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló sì ń rìn kiri láì ní in. Thermostat ni ilẹ̀kùn tó máa ń dá omi dúró kó má tíì lọ sínú rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tẹ́ ẹ sì ń sáré lójú ọ̀nà tó mọ́ fonífoní lówùúrọ̀, ìgbóná omi lè má kọjá 60 tàbí 70°C.

Àwọn tó wa 504 rántí choke: ẹ fà á jáde lówùúrọ̀ kí epo pọ̀, ẹ tì í padà bí mọ́tò bá gbóná. Mọ́tò tí kò ní thermostat dà bí 504 tí wọ́n fa choke rẹ̀ tí wọn ò tì í padà délẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná tó, ó sì lè máa fún un lépo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ́ńjìnnì á tètè jẹ, àwọn gíà ọ́tò kan ò sì ní tètè wọ gíà tó ga jù. Kóòdù tó máa ń bá a rìn ni P0128. Ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò gbóná jù, bí rédíétọ̀ tó dí, fáànù tó kú tàbí omi tó ń jò, ni ká tún ṣe, ká dá ilẹ̀kùn padà sípò rẹ̀.

Nọ́ńbà tó dáa láti rí lórí scanner nígbà tí mọ́tò ti rìn dáadáa jẹ́ nǹkan bí 80 sí 95°C. Bó bá ti ń kọjá 105, ẹ wá ibi tó dáa dúró, ẹ pa á, ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ ní gbígbóná.

Bó bá wá jẹ́ pé −40°C ni scanner ń kà ńkọ́? Èkìtì ò tíì tutù dé ibẹ̀! Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé iná ò dé sẹ́ńsọ̀ náà rárá: wáyà ti já, tàbí ẹnu rẹ̀ ti yọ. Ó lè jẹ́ pé eku ló gé e. Iṣẹ́ ríwáyà nìyẹn, kẹ́ ẹ tó máa ra sẹ́ńsọ̀. Ìdánwò ọ̀fẹ́ tún wà: láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó sítáàtì mọ́tò, ẹ wo ìgbóná omi àti ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Mọ́tò ti sùn mọ́jú, méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ ju èkejì, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú

Iná tó tàn kalẹ̀ lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Iná tó ń ṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò ń rìn kò lè dúró. Ó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ́ẹ̀kì gidi, pé epo tí kò jó ń ya wọ inú páìpù èéfín. Epo yẹn á jó nínú catalyst, á mú un gbóná débi tó lè yọ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ wá ibi dúró.

Kóòdù ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P03. P0300 ń sọ pé jíjẹ́ẹ̀kì náà ò dúró sójú kan. P0302 ń sọ pé sìlíńdà kejì ni. Bí mọ́tò yín bá ní kọ́ìlì lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi kọ́ìlì sìlíńdà kejì rọ́pò ti ìkẹta. Bí kóòdù bá sún lọ sí P0303, kọ́ìlì ni ọ̀daràn. Bó bá dúró sí P0302, ẹ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ wo nọ́sù, ẹ wọn agbára sìlíńdà. Ìdánwò yẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ máa fi ra pátì, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ríra kọ́ìlì mẹ́rin.

P0420: kóòdù tó ń jẹ owó jù

P0420 ń sọ pé catalyst ò ṣiṣẹ́ tó. Catalyst ni ohun kan tó rí bí afárá oyin nínú páìpù èéfín, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium bò. Nítorí owó àwọn nǹkan yẹn, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló wà tí wọ́n ti gé e kúrò tàbí tú inú rẹ̀ dànù. Sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀ ń wo èéfín tó jáde níbẹ̀. Bó bá rí i pé kò yàtọ̀ sí èyí tó wọlé, á fẹjọ́ sùn. Bí inú catalyst bá ti ṣófo, ẹ lè pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, iná á padà tàn. Ẹ wo abẹ́ mọ́tò ná. Bí catalyst bá wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá páìpù ń jò, bóyá P0171 tàbí P0300 wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yanjú ìyẹn kọ́kọ́, nítorí àwọn ló sábà máa ń pa catalyst.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè pa kóòdù rẹ́

Nígbà tí kóòdù bá wọlé, kọ̀ǹpútà máa ń ya ohun kan tó dà bí fọ́tò, tí wọ́n ń pè ní freeze frame: eré tí mọ́tò ń sá, ìgbóná omi, RPM, àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sapá tó lásìkò yẹn. Ó ń sọ fún yín bóyá orí òkè ló ti ṣẹlẹ̀ tàbí níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ "clear", fọ́tò yẹn lọ nìyẹn, fuel trim tó ti mọ́ ọn lára náà sì lè lọ. Kọ̀wé sílẹ̀ ṣáájú, tàbí ẹ fi fóònù ya ojú scanner.

Ìmọ̀ yìí wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ ra tokunbọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "readiness" tàbí "monitors" sí. Bó bá jẹ́ pé "not ready" tàbí "incomplete" ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe scan kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ńlá. Àwọn ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, lè ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mẹ́nu bà fún mọ́tò OBD-II, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ayédèrú kan wà tí kì í bá gbogbo mọ́tò ṣiṣẹ́. Ẹ má wò ó lórí ìrìn fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á kẹ́ ẹ máa kà á.

Kò sí ìdí láti bá mẹkáníìkì jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Etí àti imú tí àwọn ọ̀gá wa fi ń tún 504 ṣe ṣì wúlò: scanner ò lè gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé, kò sì lè fọwọ́ kan rọ́bà tó sán. Nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀, ẹ kàn fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni fuel trim rẹ̀ nígbà tó dúró, kí ló sì jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́?" Ọ̀gá tó bá lè dáhùn, ẹ fọkàn balẹ̀ fún un lówó. Èyí tí kò bá tíì wò ó, ẹ ní kí ẹ jọ wò ó pọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, owó pátì kan sì lè wà nínú rẹ̀.